Dáyámọ́ǹdì àti Ìgbésùmọ̀mí ní Ilẹ̀ Sàró

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2012, àwọn adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Àkànṣe fún Sierra Leone dá Charles Taylor, ẹni tí ó ti jẹ Ààrẹ ilẹ̀ Làìbéríà rí, lẹ́bi lórí ẹ̀sùn 11. Ẹ̀sùn kìíní nínú wọn ni ìgbésùmọ̀mí, èyí ni pé ó ran àwọn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń da jìnnìjìnnì bo ará ìlú lọ́wọ́. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n 50 ọdún fún un. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà. Nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn adájọ́ sọ, ohun kan ń jẹyọ léraléra, ohun náà sì ni dáyámọ́ǹdì. Wọ́n ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ ilẹ̀ Sierra Leone ń kó òkúta yìí ránṣẹ́ sí Taylor, ìbọn àti ọta ìbọn sì ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ wọn.

Ìbéèrè tí ó wà fún àgbéyẹ̀wò ni èyí: báwo ni òkúta tí ọmọ ènìyàn kò lè jẹ, tí kò sì lè mu, ṣe di ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gé ọwọ́ àgbẹ̀ tí kò ní in, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni du ú? Àwọn kan gbà pé òkúta náà gan-an ni ó ru ogun sókè, pé ibikíbi tí Ọlọ́run bá fi ọrọ̀ sí nínú ilẹ̀, ìjà kò ní ṣàì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní òkúta kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, pé ìwà ìkà ọmọ ènìyàn ni ó yẹ ní dídá lẹ́bi. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé èrò méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dé ìdí ọ̀rọ̀.

Sàró àti Àwọn Yorùbá

Ilẹ̀ Sierra Leone kì í ṣe àjèjì sí àwọn Yorùbá. Sàró ni àwọn baba ńlá wọn ń pè é. Láti ọdún 1808 tí Freetown ti di ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú sọ̀ sí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ogun kó ní àkókò tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú. Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn. Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1822, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1827. Ìran àwọn Àkú ṣì wà ní Freetown títí di òní.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí tí ó bá ọ̀rọ̀ dáyámọ́ǹdì mu. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọmọ ènìyàn ni àwọn olórí ogun ń kó lọ sí etí òkun láti fi gba ìbọn àti ẹ̀tù. Ní ìparí ọ̀rúndún ogún, lórí ilẹ̀ kan náà tí àwọn tí a gbà sílẹ̀ fi ṣe ibi ìsádi, òkúta ni àwọn olórí ogun ń kó jáde láti fi gba ìbọn. Ọjà ni ó yí padà. Òwò náà kò yí padà.

Bí Dáyámọ́ǹdì Ṣe Jáde ní Kono

Ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ rí dáyámọ́ǹdì àkọ́kọ́ ní agbègbè Kono, ní ìhà ìlà-oòrùn Sàró. Kò ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn náà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fún ilé-iṣẹ́ kan, Sierra Leone Selection Trust, ní àṣẹ pé òun nìkan ṣoṣo ni kí ó máa wa dáyámọ́ǹdì jákèjádò orílẹ̀-èdè náà fún 99 ọdún. Àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀, tí wọ́n ń fi í dá oko ìrẹsì, kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ná ọjà náà.

Irú dáyámọ́ǹdì tí ó wà ní Kono ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, inú àpáta jíjìn ni òkúta náà máa ń wà, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ ńláńlá nìkan ni ó lè gbé e jáde. Sàró ní irú àpáta bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú dáyámọ́ǹdì ibẹ̀ ni omi òjò àti odò ti wẹ̀ jáde láti ayébáyé, tí ó sì ti tàn ká inú yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀ odò àti ní àbàtà. Ẹni tí ó bá ní ṣọ́bìrì, korobá àti ajọ̀ lè wà á. Bí ó bá sì rí i, ó lè fi í sí abẹ́ ahọ́n kí ó sì rìn kọjá níwájú aṣọ́bodè láìsí ẹni tí yóò fura. Ṣàṣà ni ohun àlùmọ́nì tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kò ṣeé ṣe kí àṣẹ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo dúró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn ọ̀dọ́ ń rọ́ lọ sí Kono láti ìhà gbogbo. Ìṣirò kan sọ pé ní 1956, àwọn tí wọ́n ń wa kùsà níbẹ̀ láìgba àṣẹ tó 75,000. Ìjọba dín ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n fàyàwọ́ ti gba òde kan. Àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì àti Mandingo ń ra òkúta náà lọ́wọ́ àwọn awakùsà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ọ̀nà inú igbó lọ sí Monrovia, olú ìlú Làìbéríà. Ọ̀nà inú igbó yìí kò yẹ ní ohun tí a ń gbàgbé, nítorí pé ọ̀nà náà kò dí títí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi wá bá a ní nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn náà.

Ìjọba Tí Kò Nílò Ará Ìlú

Sàró gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1961. Siaka Stevens di olórí ìjọba ní 1968, ó sì di Ààrẹ ní 1971. Ní ọdún 1971 kan náà, ìjọba gba ìpín 51 nínú 100 ilé-iṣẹ́ dáyámọ́ǹdì náà. Lójú ará ìlú, ó dà bí ẹni pé ọrọ̀ wọn ti padà wálé. Ní oṣù kejì ọdún 1972, wọ́n wa òkúta kan jáde tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ káráátì 968.9, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù tí ọmọ ènìyàn tíì rí. Wọ́n pè é ní Ìràwọ̀ Sierra Leone.

Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ náà kò tàn fún gbogbo ènìyàn. Ní 1970, dáyámọ́ǹdì tí ó gba ẹnu ibodè jáde lọ́nà òfin lé ní mílíọ̀nù 2 káráátì. Ní 1980, ó ti lọ sílẹ̀ di 595,000. Ní 1988, ó ku 48,000. Kì í ṣe pé òkúta tán nínú ilẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ó ń gbà ni ó yí padà: ó kúrò ní iwájú ilé ìjọba, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùnlé àwọn aláṣẹ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn oníṣòwò. Ní 1978, ìjọba sọ orílẹ̀-èdè náà di ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí ó lè bi wọ́n léèrè mọ́.

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ìjọba tí ó ń jẹ nínú owó orí àgbẹ̀ kò lè ṣe kí ó má bèèrè bí òjò ṣe rọ̀ àti bí ọ̀nà oko ṣe rí, nítorí bí àgbẹ̀ kò bá kórè, ìjọba náà kò ní jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ tí wọ́n ń jẹ nínú kòtò dáyámọ́ǹdì kò nílò àgbẹ̀, kò nílò olùkọ́, kò nílò oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí yóò wa òkúta àti ẹni tí yóò rà á ti tó wọn. Ó fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ pé wọ́n palẹ̀ ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gbé ohun ọ̀gbìn wá láti ìlà-oòrùn mọ́. Nígbà tí ó fi di 1974, ó ti di ìtàn. Stevens gbé ìjọba fún Ọ̀gágun Joseph Momoh ní 1985, ṣùgbọ́n àpò ìjọba ti gbẹ. Àwọn olùkọ́ a máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìgba owó, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì ń di alárìnkiri. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní Sàró, wọn kò kọ́ ọmọ náà, wọ́n sì ti tà lára ilé náà kí ó tó dàgbà.

Ogun Dé

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1991, àwọn ènìyàn tí wọ́n dìhámọ́ra ogun ya wọ ìlú Bomaru ní agbègbè Kailahun láti ilẹ̀ Làìbéríà. Revolutionary United Front, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí RUF, ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn. Olórí wọn ni Foday Sankoh, ẹni tí ó ti jẹ́ kọ́púrà nínú iṣẹ́ ológun rí, tí wọ́n fi sí ẹ̀wọ̀n nítorí ìdìtẹ̀ sí ìjọba Stevens ní 1971, tí ó sì lọ gba ẹ̀kọ́ ogun ní ilẹ̀ Líbíà. Charles Taylor, tí òun fúnra rẹ̀ ti dá ogun sílẹ̀ ní Làìbéríà láti oṣù kejìlá ọdún 1989, ni ó tì wọ́n lẹ́yìn.

Ohun tí wọ́n ń wí fún ará ìlú ni pé àwọn wá láti gba ọrọ̀ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ àwọn olè tí ó wà ní Freetown. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàì wọ àwọn kan létí, nítorí pé ìyà tí ó ń jẹ wọ́n kì í ṣe irọ́. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà Sierra Leone gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2004, ó sọ ọ́ gbangba pé dáyámọ́ǹdì kọ́ ni ó fa ogun náà. Ìṣàkóso burúkú, ìwà ìbàjẹ́ àti fífi ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn dù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fà á. Dáyámọ́ǹdì ni epo tí wọ́n ń rọ sí iná náà. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1995 tí ó fi iṣẹ́ epo yìí hàn. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọlu ibi tí wọ́n ti ń wa rútáìlì àti bọ́kísáìtì ní ìhà gúúsù, èyí tí ó wà lára ohun tí ó ń mú owó wọlé fún ìjọba jù lọ nígbà náà. Iṣẹ́ dúró níbẹ̀ pátápátá. Ọdún 2006 ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí wa rútáìlì. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ lè ba ibẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹ níbẹ̀, nítorí pé rútáìlì gba ẹ̀rọ, ọkọ̀ ojú omi àti èbúté. Dáyámọ́ǹdì kò gba nǹkan kan bí kò ṣe ajọ̀ àti àpò. Kì í ṣe gbogbo ohun àlùmọ́nì ni ó lè bọ́ agbésùmọ̀mí. Èyí tí ó lè bọ́ ọ ni èyí tí ọwọ́ lásán lè wà, tí àpò lè gbé, tí olùrà kò sì ní béèrè ibi tí ó ti wá.

Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Gé Ọwọ́

Ẹni tí ó bá ń bá ìjọba jà láti inú igbó nílò ará ìlú púpọ̀púpọ̀. Àwọn ni yóò fún un ní oúnjẹ, tí yóò fi í pamọ́, tí yóò sọ ibi tí ọ̀tá wà fún un. Nítorí ìdí èyí, bí kò tilẹ̀ ní àánú, yóò ní ọgbọ́n láti má ṣe ba ará ìlú jẹ́ kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọwọ́ RUF ti ba kòtò dáyámọ́ǹdì, ìdí yìí kò sí mọ́. Làìbéríà ni ìbọn ti ń wá, òkúta ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀. Ohun tí ó wá kù tí wọ́n ń fẹ́ lọ́dọ̀ ará ìlú kò ju méjì lọ: kí wọ́n sá kúrò lórí ilẹ̀ náà, tàbí kí wọ́n wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Ilé Ẹjọ́ Àkànṣe rí i pé wọ́n fi ìbọn lé àwọn ènìyàn wọ inú kòtò ìwakùsà ní Kono àti ní Tongo Field, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láìgba owó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1996, nígbà tí ará ìlú ń múra àtidìbò, àwọn ọlọ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gé ọwọ́ àwọn ènìyàn. Ọwọ́ ni a fi ń tẹ̀ka láti yan olórí. Ọwọ́ kan náà ni a fi ń roko, tí a fi ń bọ́ ọmọ, tí a fi ń ṣánwọ́ sí Ọlọ́run. Ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́ kò kú. Ó di lẹ́tà tí ń rìn, tí ń sọ fún abúlé tí ó bá dé pé kí wọ́n má ṣe gbà pé àwọn ní ohùn. Èyí ni ìgbésùmọ̀mí. Ẹni tí wọ́n ṣe ní jàǹbá kọ́ ni wọ́n ń bá wí, bí kò ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí yóò rí i.

Síbẹ̀, ará ìlú dìbò. Ahmad Tejan Kabbah di Ààrẹ ní oṣù kẹta ọdún náà. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní Abidjan ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, ṣùgbọ́n kò dúró. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1997, àwọn ọmọ ogun ìjọba fúnra wọn fipá gba ìjọba, wọ́n sì pe RUF wá sí Freetown kí wọ́n jọ jẹ ẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG, tí Nàìjíríà ṣáájú, ni ó lé wọn kúrò ní olú ìlú ní oṣù kejì ọdún 1998. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tún gba Koidu, ìlú tí ó wà láàárín gbùngbùn ilẹ̀ dáyámọ́ǹdì. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1999, tí wọ́n fi ya wọ Freetown. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n dáná sun ilé lọ súà, wọ́n sì gé ọwọ́ tọmọdé tàgbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wà nínú ECOMOG kò padà wálé.

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1999, ní Lomé, olú ìlú Togo, wọ́n tún bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣe àdéhùn. Wọ́n dárí ji Sankoh, wọ́n fún un ní ipò tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti Igbákejì Ààrẹ, wọ́n sì fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣàkóso ohun àlùmọ́nì ilẹ̀ náà, dáyámọ́ǹdì pẹ̀lú. Àwọn tí ó ṣe àdéhùn náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ogun ti sú wọn, ará ìlú ń kú, kò sì sí orílẹ̀-èdè ńlá kan tí ó fẹ́ wá jà. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni fi ọ̀bọ ṣọ́ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, RUF kó nǹkan bí 500 ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbèkùn. Ará ìlú Freetown yan lọ sí ilé Sankoh láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ yìnbọn, àwọn ènìyàn kú. Sankoh sá lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti rí ìwé tí ó fi hàn pé òwò dáyámọ́ǹdì kò dáwọ́ dúró ní gbogbo àkókò tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ẹni àlàáfíà.

Ẹni Tí Ó Gbà Á Sílẹ̀

Yorùbá ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Ta ni ó ń gba òkúta yìí sílẹ̀? Ní oṣù kìíní ọdún 2000, ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Partnership Africa Canada gbé ìwádìí kan jáde. Ó ní gbogbo dáyámọ́ǹdì tí Làìbéríà lè wà lọ́dún kan kò ju 100,000 sí 150,000 káráátì lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àwọn oníṣòwò dáyámọ́ǹdì ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí ọjà dáyámọ́ǹdì tí ó tóbi jù ní ayé wà nígbà náà, èyí tí wọ́n kọ pé ó ti Làìbéríà wá láàárín 1994 àti 1998 lé ní mílíọ̀nù 31 káráátì. Kò di dandan kí ènìyàn jẹ́ olùkọ́ ìṣirò kí ó tó mọ̀ pé ilẹ̀ kan kò lè bí ohun tí kò lóyún rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń rà á rí ìwé náà. Wọn kò béèrè, nítorí pé ìdáhùn yóò dí wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2000, Ìgbìmọ̀ Aláàbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi òfin de dáyámọ́ǹdì Sàró tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ìjọba. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, ó de ti Làìbéríà pẹ̀lú. Àwọn aṣèwádìí àjọ náà díwọ̀n pé ohun tí RUF ń rí nínú òwò náà lọ́dún kan lè jẹ́ mílíọ̀nù 25 dọ́là, ó sì lè tó mílíọ̀nù 125.

Ó yẹ kí ìṣọ́ra wà níbí o. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń sọ pé dáyámọ́ǹdì yìí ni ẹgbẹ́ al-Qaeda fi ń rówó. Ìgbìmọ̀ tí Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti wádìí ìkọlù náà sọ ní 2004 pé òun kò rí ẹ̀rí tí ó múná dóko fún èyí. Ìtàn Sàró kò nílò àfikún yìí kí ó tó burú. Àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́ ní Kono kì í ṣe ẹ̀rí fún ogun ẹlòmíràn. Ogun tiwọn ti tó.

Wọ́n kéde òpin ogun náà ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2002. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé 50,000 ènìyàn ni ó kú. Sankoh kú sí àtìmọ́lé ní oṣù keje ọdún 2003 kí ìdájọ́ rẹ̀ tó parí. Ní 2009, wọ́n dá mẹ́ta nínú àwọn aṣáájú RUF lẹ́bi, ìgbésùmọ̀mí sì wà lára ẹ̀ṣẹ̀ wọn: Issa Sesay gba ẹ̀wọ̀n 52 ọdún, Morris Kallon gba 40, Augustine Gbao gba 25.

Ọ̀nà Méjì Tí Ó Yẹ Ní Dídí

Bí ó bá jẹ́ pé òkúta ni ó ń fa ogun, ó yẹ kí Botswana ti jóná tipẹ́. Wọ́n rí dáyámọ́ǹdì ní Orapa ní 1967, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ilẹ̀ náà gba òmìnira. Òfin ibẹ̀ sọ pé ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni ohun inú ilẹ̀, ìjọba sì gba ìpín 50 nínú 100 ilé-iṣẹ́ tí ó ń wà á. Owó náà ni wọ́n fi la ọ̀nà, tí wọ́n fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Lóòótọ́, inú àpáta jíjìn ni dáyámọ́ǹdì Botswana wà, ọlọ́ṣọ́bìrì kò lè dé ibẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ran òfin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan kì í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Ọ̀nà kìíní tí ó yẹ ní dídí ni ọ̀nà ọjà. Ìpàdé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Kimberley, ní South Africa, ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ni ó bí ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2003, pé dáyámọ́ǹdì tí a kò tíì gé kò gbọdọ̀ kọjá ibodè láìní ìwé ẹ̀rí. Ètò náà ṣe rere: ní 2004, iye dáyámọ́ǹdì tí ó gba ọ̀nà òfin kúrò ní Sàró lé ní mílíọ̀nù 120 dọ́là, bẹ́ẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ ní 1999. Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà nínú rẹ̀. Dáyámọ́ǹdì tí ọlọ̀tẹ̀ fi ń bá ìjọba jà nìkan ni ètò náà kà sí èèwọ̀. Ní ìparí 2008, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba Zimbabwe pa àwọn awakùsà ní Marange, ètò náà kò ní orúkọ tí yóò pe irú òkúta bẹ́ẹ̀. Global Witness, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pariwo ọ̀rọ̀ yìí sí ayé, yọ ọwọ́ nínú ètò náà ní 2011.

Ọ̀nà kejì ni ti ilé, òun ni ó sì ṣòro jù. Láti 2001, ìjọba Sàró ń dá ìdámẹ́rin owó orí tí ó ń gbà lórí dáyámọ́ǹdì tí ó ń jáde padà fún àwọn agbègbè tí wọ́n ti wà á. Owó náà kò pọ̀, àríwísí sì wà lórí bí wọ́n ṣe ń ná an, ṣùgbọ́n ohun tí ó dúró fún tóbi. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, oníwàásù kan tí ó ń wa kùsà ní Kono rí òkúta tí ó lé ní káráátì 700. Ó lè gbé e gba ọ̀nà inú igbó bí àwọn ará ìṣáájú ti ṣe; ó gbé e fún ìjọba. Wọ́n tà á ní New York ní mílíọ̀nù 6.5 dọ́là ní oṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba sì ṣèlérí pé abúlé tí ó ti jáde yóò jẹ nínú rẹ̀. Bí ìlérí bẹ́ẹ̀ bá ń ṣẹ, fàyàwọ́ yóò máa rẹlẹ̀. Bí kò bá ń ṣẹ, ọ̀nà inú igbó kò tíì hu koríko.

Nítorí náà, ohun tí òkúta ṣe ní Sàró ni pé ó gba àwọn alágbára lọ́wọ́ àìní ará ìlú. Ó kọ́kọ́ ṣe é fún àwọn tí ó wà lórí oyè, tí wọ́n fi rò pé àwọn lè ṣèjọba láìsí ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe é fún àwọn tí ó wà nínú igbó, tí wọ́n fi rò pé àwọn lè ja ìjà òmìnira láìsí ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń jà fún. Ẹni àkọ́kọ́ ni ó la ọ̀nà fún ẹnì kejì. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò ní tán léèékánná. Níbikíbi tí epo rọ̀bì, wúrà tàbí dáyámọ́ǹdì bá ti lè bọ́ aláṣẹ láìjẹ́ pé ó bèèrè àlàáfíà àgbẹ̀, ẹlòmíràn ń wò ó láti inú igbó, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ náà.